Gọ́tà Iwájú Ṣọ́ọ̀bù Buraimoh

Kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Ìró ṣọ́bìrì bàbá rẹ̀ nínú gọ́tà ni Buraimoh kọ́kọ́ mọ̀ láyé. Ní Ṣakí, láàárọ̀ Sátidé, gbogbo ọkùnrin àdúgbò a jáde, kálukú a kó ẹrẹ̀ iwájú ilé tirẹ̀. Ìjọba kò bá wọn kó o, ìjọba kò sì gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ní Nombakélé, nílẹ̀ àjèjì níbi tó ti ń ránṣọ báyìí, wọ́n ń gbowó rẹ̀. Oṣooṣù ni Marcellin agbowó-orí ń dé, Buraimoh sì ń san. Síbẹ̀ gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dí pa. Lóṣù tó kọjá, òjò gbé omi ìdọ̀tí wọlé, ó ba yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé jẹ́. Buraimoh fi owó ara rẹ̀ ra aṣọ mìíràn, ó tún un rán. Ọjọ́ náà ló búra pé òun ò ní san kọ́bọ̀ mọ́, àfi tí wọ́n bá kó gọ́tà.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, Marcellin gbé àgádágodo dé.

"Papa, ẹ mówó wá, tàbí kí n ti ṣọ́ọ̀bù."

"Tì í."

"Èmi kọ́ ni mo ń kó gọ́tà o."

"Mo mọ̀. Owó nìkan lẹ mọ̀ ọ́n kó."

Marcellin rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́sàn-án.

Alàájì Zulkifli, àgbà ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Yorùbá, tó ń ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ti gbọ́. Ó wọlé tìbínú-tìbínú.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́? Àlejò ni wá. Àlejò kì í bi onílé bó ṣe ń náwó."

"Alàájì, ṣé àpò mi nìkan ló jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ni?"

"Ẹnu rẹ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ lọ."

"Tí mo bá gbowó ìránṣọ lọ́wọ́ yín, tí mi ò rán an, kí lẹ ó pè mí?"

Alàájì jáde.

Buraimoh kó aṣọ oníbàárà sínú àpò, ó jókòó de àgádágodo. Ó fẹ́ kí gbogbo àdúgbò rí ilẹ̀kùn títì náà, kí wọ́n béèrè ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Marcellin padà dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Ó ti tán, Papa. Àwọn ará yín ti san án. A dúpẹ́."

Owó ẹgbẹ́, tí wọ́n fi ń gbé òkú relé, ni Alàájì yọ san án, kí ojú má baà ti Yorùbá, àfi bíi pé Buraimoh kò rówó san ni. Buraimoh já wọ ṣọ́ọ̀bù bàtà.

"Àṣírí wo lẹ bò? Owó ń bẹ lápò mi! Ẹnu mi lẹ fowó dí!"

"Wàá dúpẹ́ lọ́la," ni Alàájì wí. Kò gbójú sókè kúrò lára bàtà tó ń tò.

"Mi ò ní dúpẹ́! Wọn ò ní kó gọ́tà náà láéláé, ẹ̀yin lẹ sì fà á."

Ojú ọ̀run ti ṣú. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń yára tilẹ̀kùn. Buraimoh ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó mú ṣọ́bìrì, ó wọnú gọ́tà. Kò sẹ́ni tó bá a wọ̀ ọ́. Ọ̀rá, ìgò, ẹrẹ̀ dúdú. Kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Ó kó o títí omi fi rí ọ̀nà lọ, ó fọ ṣọ́bìrì, ó gbé e ti ògiri.