Yàrá Kejìlá

Ẹ má bi mí ní iye ọdún tí mo ti fi ń ya pílánù ilé lórí kọ̀ǹpútà. Ó pọ̀. Ètò ìyàwòrán àtijọ́ yẹn, ìka mi ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe orí mi. Bí mo bá fẹ́ fa ìlà, ìka òsì mi á ti tẹ lẹ́tà rẹ̀ kí n tó rò ó tán. Ojú rẹ̀ dúdú, ìlà rẹ̀ funfun, kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni. Ohun tí o bá ní ó jẹ́, òun náà ló máa jẹ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi, ọmọkùnrin tí mo lè bí lọ́mọ, wọlé wá sọ pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, láti oṣù tó ń bọ̀, ètò tuntun ni gbogbo wa máa lò o," inú bí mi débi pé mi ò jẹun ọ̀sán. Mo ní kí ló ṣe ti àtijọ́? Ó ní àwọn ọ́fíìsì ńlá Ìkòyí tí à ń bá ṣiṣẹ́ ò gba fáìlì rẹ̀ mọ́. Ìkòyí kọ́! Ọ́fíìsì tiwa, yàrá méjì ni, lókè ilé kan lẹ́yìn gbàgede Tinúbú, a sì ti ń jẹun níbẹ̀ kí àwọn ará Ìkòyí tó mọ̀ wá.

Ètò tuntun náà, ẹ̀ẹ̀! Nínú rẹ̀, o ò lè fa ìlà méjì kí o pè é ní ògiri. Ògiri fúnra rẹ̀ lo máa gbé kalẹ̀: ó nípọn, ó ga, ó mọ̀ pé ògiri lòun. Ilẹ̀kùn mọ̀ pé inú ògiri lòun gbọ́dọ̀ wà. Bí o bá ṣe ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gbé àpótí kékeré kan jáde lójú kọ̀ǹpútà, á máa bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ bí ìyá ọkọ. Ọwọ́ òsì mi á tẹ lẹ́tà àtijọ́, ètò tuntun á ṣe nǹkan mìíràn tí n kò rán an. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń fi orí fífọ́ relé.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n kó láti inú ti àtijọ́ sínú tuntun ni ilé ẹbí kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ti gbó. Èmi gan-an ni mo wọ̀n ọ́n ní ogún ọdún sẹ́yìn, pẹ̀lú téèpù àti ìwé kékeré. Ní báyìí, àwọn ọmọ ilé náà fẹ́ wó o, kí wọ́n kọ́ ilé ìtajà síbẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni katakata máa dé. Ẹnì kan ṣoṣo ni ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀: màmá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun ló dàgbà jù nínú ẹbí, òun nìkan ló sì kù tó ń sùn nínú ilé náà.

Màmá yìí gun àtẹ̀gùn wa wá fúnra rẹ̀, ní ọ̀sán gangan. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo gbé àga fún un. Ó ní kì í ṣe pé òun kọ̀ kí wọ́n wó ilé. Ọ̀rọ̀ ìyá òun ni. Inú ilé yẹn ni wọ́n sin ín sí nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún méje, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé òun lọ sí Ìjẹ̀bú. Ìjọba ti fòfin de sísin òkú sínú ilé ní Èkó nígbà náà, àwọn wolé-wolé sì ń yọjú káàkiri, nítorí náà ní bòókẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é. Àwọn tó mọ ojú ibẹ̀ ti kú tán láìsọ.

"Ọmọ mi," ó ní, "ohun kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀ ọ́. Bá mi wá ibi tí ìyá mi wà kí katakata yẹn tó dé. Mi ò fẹ́ kí ó fi eyín kó egungun ìyá mi sínú tìpà, kí wọ́n lọ dà á sí etí ọ̀sà."

Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan fún un rí. Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá òun obìnrin ni. "Lọ́jọ́ tí mo dé láti Ìjẹ̀bú, mo ní, 'Màmá mi dà?' Ó ní, 'Ìyá ẹ ti wọ káà lọ.' Ó parí. Mo sunkún, wọ́n fún mi ní àkàrà."

Ta ni kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn? Bí àgbà bá kú, a ó ní ó ti wọ káà ilẹ̀ lọ. Kò sí ohun tí èèyàn lè rí dì mú nínú ìyẹn. Mo sọ fún màmá pé pílánù kì í fi sàréè hàn o. Ó ní kí n ṣáà bá òun wò ó, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ, tí ọ̀pá rẹ̀ ń dún lórí àtẹ̀gùn. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìwé ìwọ̀n mi àtijọ́ jáde, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé ògiri kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣe òkè, mo ṣe ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo ní kí ètò náà fún àwọn yàrá ní nọ́ńbà. Iṣẹ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣe é; ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ràn nínú rẹ̀. Yàrá mọ́kànlá ni mo mọ̀ nínú ilé náà. Ó kà á dé méjìlá.

Mo rò pé ó ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo pa nọ́ńbà gbogbo rẹ́, mo ní kó tún un kà. Méjìlá. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ mu omi, mo padà wá tàn án. Méjìlá ṣì ni. Ìkejìlá yìí wà nísàlẹ̀, láàárín yàrá tó kẹ́yìn àti ògiri ẹ̀yìnkùlé: ibi tóóró kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀ ní ìbú, mẹ́wàá ní òró. Kò ní ilẹ̀kùn.

Mo mọ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀ yẹn. Ní ogún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo ro ìwọ̀n inú ilé náà pọ̀, tí mo fi wé ti ìta, ohun tó dín nìyẹn gẹ́lẹ́. Ọ̀gá tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ló máa tún un wọ̀n?" Nínú ètò àtijọ́, o lè tẹ nọ́ńbà tó bá wù ọ́ lé nọ́ńbà tòótọ́ lórí, àwòrán á sì dákẹ́. Gbogbo wa là ń ṣe é. Ẹni tó bá ní òun ò ṣe é rí, irọ́ ló ń pa. Mo sún ògiri, mo tẹ nọ́ńbà tèmi lé e, mo lọ jẹun. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ogún ọdún ọ̀hún náà ló pé yìí.

Kí n má purọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo tún fẹ́ tẹ nọ́ńbà lé e. Ètò tuntun kọ̀. Ó gbé àpótí rẹ̀ jáde, ó ní ìwọ̀n tí ògiri bá jẹ́ nìkan lòun máa kọ.

Ètò yìí sì ní ohun kan: èèyàn lè wọ inú ilé tó yà, kó máa rìn kiri nínú rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. N kò mọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀, àmọ́ mo wọ yàrá kejìlá. Ògiri mẹ́rin. Kò sí fèrèsé, kò sí ilẹ̀kùn, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí kò síbi tí ètò náà kì í tan ìmọ́lẹ̀ sí. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo yí síhìn-ín, ògiri. Mo yí sọ́hùn-ún, ògiri. Ọ̀nà àbájáde pòórá mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀sán ni o, àwọn èèyàn ń pariwo ọjà nísàlẹ̀, àmọ́ n kò lè dúró níbẹ̀ mọ́. Mo fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ lára ògiri.

Ọ̀gá wá wò ó. Ó ní, "Àǹtí, àṣìṣe ni, ẹ pa á rẹ́. Ọjọ́ Ẹtì la máa fi pílánù ránṣẹ́." Mo ní, "Ọ̀gá, bí ẹ bá fẹ́ pa á rẹ́, ẹ wá fọwọ́ ara yín pa á." Ó wo ojú kọ̀ǹpútà títí. Kò fọwọ́ kàn án.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo kọjá sí ilé náà. Mo mú ẹ̀rọ ìwọ̀n kékeré tó ń tan iná pupa sára ògiri dání, kí ẹnikẹ́ni má baà ní téèpù ló gbó. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀ ṣì dín. Yàrá tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, yàrá màmá fúnra rẹ̀ ni. Ibùsùn rẹ̀ fi orí ti ògiri tí mo ń wá. Mo kan ògiri ọ̀tún, ó dún kì. Mo kan ti òsì, kì. Mo na ọwọ́ kọjá orí ìrọ̀rí rẹ̀, mo kan ìyẹn. Ó dún bí àpótí òfìfo.

Màmá gbọ́ ọ. Èmi náà ò mọ ohun tó mú mi bi í pé, "Màmá, àwọn àgbà ilé yìí láyé ọjọ́un, kí ni wọ́n ń pe yàrá inú?"

"Káà," ó dáhùn. "Káà ni wọ́n ń pè é." Ẹnu rẹ̀ ò padé. Ó jókòó sí etí ibùsùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò sọ pé káà ilẹ̀. Ọlọ́run mi ò! Káà ló sọ. Ó sọ fún mi! Èmi ni mi ò gbọ́."

Olórí ẹbí, tó jẹ́ ọmọ àbúrò màmá, ni mo gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ pẹ̀lú pílánù lọ́wọ́. Ó wò ó, ó pe àwọn oníkatakata lórí fóònù lójú mi pé kí wọ́n má wá ní ọjọ́ Ajé mọ́, ó sì rán àgbà bíríkìlà kan, ará Ìjẹ̀ṣà, tẹ̀ lé mi. Olórí ẹbí fúnra rẹ̀ ní òun ò lè dúró níbẹ̀, a ò sì bá a wí.

A sún ibùsùn kúrò. Bíríkìlà náà rọra ń lu ògiri náà, bí ẹni tí kò fẹ́ jí èèyàn lójú oorun. Sìmẹ́ǹtì já bọ́ ní pẹlẹbẹ, igi sì yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀kùn ni. Wọn ò yọ ọ́ rárá. Wọ́n kàn tì í, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀ kí ojú wolé-wolé má baà tó o. Nígbà tó ṣí, afẹ́fẹ́ tútù kan jáde sí wa. Mo tan iná fóònù mi. Bí mo ṣe rí i lójú kọ̀ǹpútà náà ló rí, ògiri mẹ́rin, ó mọ́ tónítóní, àfi pé ilẹ̀ rẹ̀ ga sókè díẹ̀ ní àárín, ó gùn tó èèyàn, wọ́n sì fi ọwọ́ dán sìmẹ́ǹtì orí rẹ̀. Ojú ọwọ́ náà ṣì wà níbẹ̀.

Màmá wò ó, ó wo ibi tí ibùsùn rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó tún wò ó. Ó ní, "Ní ìdájí ni wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀ Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní ara màmá mi ò yá, kí n má lọ jí wọn. Mi ò kí wọn kí n tó lọ."

Màmá yìí, gbogbo àdúgbò ló ń kúnlẹ̀ kí i. N kò mọ ẹni tó kù láyé tí òun lè kúnlẹ̀ fún. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó di ara ilẹ̀kùn mú, ó kúnlẹ̀, orúnkún kan, lẹ́yìn náà èkejì, ohùn tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Bíríkìlà ṣí fìlà rẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró síbẹ̀, à ń retí kí wọ́n dáhùn.