Àwòrán Miss Carol Tí Ìyá Ọkọ Mi Fọ̀

Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, torí inú ṣì ń bí mi.

Miss Carol, ìyá àgbà tó jẹ́ aládùúgbò wa ní ìlú Richardson lókè òkun níbí, ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní McKinney. Ó gbé àwòrán kan fún mi pé kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ di Sátidé, kó má baà bàjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù. Baba ńlá rẹ̀ ló gbé e wá láti Netherlands láyé àtijọ́. Ìlú kan létí omi ni wọ́n yà síbẹ̀: ọkọ̀ ojú omi, ilé gíga-gíga, ọkùnrin tó ń ta ẹja, àti obìnrin kan tó kúnlẹ̀ tó ń fọṣọ. Miss Carol ní obìnrin yẹn jọ ìyá òun gan-an. Àwòrán náà ti ṣú nítorí ọjọ́ tó ti pẹ́.

Mo gbé e sí pálọ̀, mo lọ síbi iṣẹ́. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n wá láti Ìbàdàn. Mọ́mì kì í rí ìdọ̀tí kí wọ́n fọwọ́ lẹ́rán.

Nígbà tí mo dé láti hospital tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwòrán ti wà nínú sink. Ọṣẹ àti kànìnkànìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò ni Mọ́mì fi bó o. Ẹlẹ́ja ò lórí mọ́. Obìnrin tó ń fọṣọ ti bómi lọ.

Mọ́mì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nílé àwọn, a kì í gba abọ́ aládùúgbò ká dá a padà láìfọ̀.

Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n bá ìyá ọkọ jà ni? Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Ọkọ mi ní kí n mú sùúrù, pé sùúrù ni baba ìwà. Baba ìwà ni lóòótọ́, ṣé ó mọ àwòrán yà?

Mo pe Miss Carol títí, kò gbé fóònù. Nígbà tó dé ní Sátidé, Mọ́mì ló gbé àwòrán fún un kí n tó lanu. Ó wò ó. Ó fi ìka kan ibi tí obìnrin yẹn wà tẹ́lẹ̀, ó rọra béèrè lọ́wọ́ mi pé ibo ni ìyá òun wà.

Mọ́mì ò gbọ́ òyìnbó, wọ́n ní, "Kí ló ń sọ?"

Mo ní, "Ó ní ẹ kú iṣẹ́, mà."

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, tí ẹ bá gba nǹkan onínǹkan tọ́jú, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, pàápàá tí ẹni tí ẹ ò lè bá wí bá wà nílé. Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí? Kí lẹ ṣe? Ẹ tètè sọ fún mi, torí Mọ́mì ní tí Miss Carol bá tún ní òmíràn, kó gbé e wá.