Tì-í-wò àti Kọ́bọ́ọ̀dù Ẹnu Ọ̀nà

Obìnrin kan wà ní ilé ìwádìí ńlá kan, tó jẹ́ pé bó bá ti wọ yàrá, kì í kọ́kọ́ kí èèyàn, kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń kọ́kọ́ kí. Á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e léjìká, á tì í díẹ̀, á sì dúró bí ẹni ń retí èsì. Bí kọ́bọ́ọ̀dù bá mì, òun náà á mi orí. Bí kò bá mì, ìgbà yẹn ló máa tó yíjú sí àwọn tó wà ní yàrá, á wá rẹ́rìn-ín: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi." Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Tì-í-wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ náà. Nígbà tó gbọ́, ó gbà á bí ẹni gba oyè.

Kó tó dé ilé ìwádìí, iṣẹ́ kíkó ẹrù fún àwọn tó ń ṣí kúrò nílé ló ń bá bàbá rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbé bẹ́ẹ̀dì, ó gbé àpótí irin, ó gbé dùùrù sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ẹrù tó ga tí ìdí rẹ̀ kò fẹ̀, ọ̀mùtí ni. Kò dìgbà tí èèyàn bá bá a jà kó tó ṣubú.

Lọ́dún kan, ilẹ̀ mì ní ìlú tí kò jìnnà sí wọn. Ilé ò wó níbẹ̀, àmọ́ ẹrù inú ilé ṣe àwọn èèyàn léṣe. Kọ́bọ́ọ̀dù wó lu àwọn kan, ìgò ásíìdì fọ́ sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà dí mọ́ àwọn mìíràn nínú. Ẹ̀rù ba àwọn ọ̀gá ilé ìwádìí. Wọ́n pe Tì-í-wò pé kó wọ gbogbo yàrá, kó wo ohun tó lè ṣubú, ohun tó lè fọ́, àti ohun tó lè dínà. Wọ́n fi gbẹ́nàgbẹ́nà kan tì í, àgbàlagbà tí kì í yára, tí kì í sì í pẹ́.

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn sílíńdà gáàsì tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí àlejò tí wọn ò fún ní àga, wọ́n fi ṣéènì dè wọ́n mọ́ ògiri, lókè àti nísàlẹ̀. Wọ́n kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ sétí àwọn pẹpẹ kí ìgò má bàa yọ̀ ṣubú. Ẹ̀rọ wúwo tí ẹnì kan gbé ka orí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bàbá onímọ̀ kan tó sanra dáadáa bi í léèrè pé, "Ìyá, ṣé ẹ ò ní de èmi náà mọ́ ògiri ni?"

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ìdí yín fẹ̀, sà. Kò sí ìmìtìtì tó lè gbé yín ṣubú."

Ẹ̀rín sọ nínú yàrá, bàbá náà ló sì rín jù.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé àjà òkè pátápátá, ẹ̀rín tán lẹ́nu Tì-í-wò. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ló ni yàrá tó wà níbẹ̀, onímọ̀ nípa irúgbìn, tí òun ń pè ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nítorí ìrísí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbi iṣẹ́ pé ẹbí ni wọ́n. Wọn ò jà rí. Ọkọ Tì-í-wò ló tọ́ àbúrò rẹ̀ yìí dàgbà lẹ́yìn tí òbí wọn kú. Nígbà tí ìyàwó wọlé, àbúrò kó jáde. Láti ìgbà náà, "ẹ káàbọ̀" àti "ó dàbọ̀" nìkan ló kù láàárín wọn.

Tì-í-wò gbé ọwọ́ lé kọ́bọ́ọ̀dù gíga tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó mì bí eyín ọmọ ọdún méje.

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́," ó rọra wí kí gbẹ́nàgbẹ́nà má bàa gbọ́, "bí èyí bá ṣubú, ẹnu ọ̀nà ló máa dí. Ẹ ò ní ríbi jáde."

"Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, mà. Kò ṣubú rí."

"Ilẹ̀ ni ò tíì mì."

"Bí ẹ bá lu ògiri yẹn báyìí, gbogbo ohun tí mò ń wò lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá yìí ló máa dàrú. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

Nígbà tí wọ́n jáde, gbẹ́nàgbẹ́nà ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ fún ọ̀gá, kí ọ̀rọ̀ tán."

"Ọ̀rọ̀ tó bá dọ́dọ̀ ọ̀gá kì í tán, bàbá. Ìgbà yẹn ló ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Nírọ̀lẹ́, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń ká aṣọ. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Má fi mí sáàárín o. Èmi ni mo tọ́ òun, èmi náà ni mo fẹ́ ìwọ. Àmọ́ mo mọ ọmọ yẹn. Bí o bá tì í, á tì ọ́ padà. Bí o bá dúró tì í, á sún mọ́ ọ."

Lọ́jọ́ kejì, Tì-í-wò nìkan ló gòkè lọ, láìsí dírììlì tí wọ́n fi ń lu ògiri, láìsí gbẹ́nàgbẹ́nà.

"Ìgbà wo ni iṣẹ́ abẹ́ awò yẹn máa parí?"

"Ọjọ́ Ẹtì."

"Ó dáa. A ó dúró. Àmọ́ ẹ jẹ́ n bá yín kó àwọn ìgò orí kọ́bọ́ọ̀dù yìí wá sísàlẹ̀. Ìyẹn ò láriwo."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò ó títí, ó wá na ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìgò. Bí Tì-í-wò ṣe fẹ́ gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Rárá o, ìyàwó wa! Àwọn méjì yìí kì í gbé pọ̀. Bí wọ́n bá fọ́ síra wọn, èéfín wọn ò ní jẹ́ ká lè mí."

"Háà! N ò mọ̀. Bí orogún?"

"Ó ju orogún lọ. Àwọn orogún mìíràn ṣì ń bára wọn jẹun."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣe díẹ̀, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, ojú rẹ̀ wà lára ìgò tó ń nù, "Nígbà tí ẹ wọlé, kò sẹ́ni tó lé mi. Ó kàn ṣe mí bíi pé àyè mi ti tán níbẹ̀ ni. Ọjọ́ tí mo kó jáde, ẹ̀yin lẹ gbé àpótí mi dénú ọkọ̀."

"Iṣẹ́ mi nígbà yẹn ni," ni Tì-í-wò wí. "Mo rò pé ìrànlọ́wọ́ ni mò ń ṣe. Ó yẹ kí n gbé e sílẹ̀, kí n ní ẹ má lọ."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ na ìgò mìíràn sí i. Wọ́n kó ìgò náà tán.

Lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì, gbẹ́nàgbẹ́nà fi irin àti bóòtù de kọ́bọ́ọ̀dù náà mọ́ ògiri. Tì-í-wò rí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kan láàárín yàrá, ó ti ìdè táyà rẹ̀ kó má bàa yí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ilẹ̀ mì lọ́sàn-án gangan. Ilé ìwádìí gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Tì-í-wò wà lábẹ́ tábìlì nísàlẹ̀, ó ń gbọ́ bí ṣéènì ṣe ń dún. Nígbà tí ìmìtìtì náà dáwọ́ dúró, gbogbo èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀, òun ń gòkè.

Ẹnu ọ̀nà àjà òkè ṣí sílẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù dúró síbi tó wà. Ṣùgbọ́n Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sílẹ̀, ó di orúnkún mú, kẹ̀kẹ́ akẹ́rù sì dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Òun ló gbá mi. Èmi ni mo tú ìdè rẹ̀ láàárọ̀, mo gbàgbé. Ẹ má bínú."

"Ta ló ń bínú? Ẹ fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn."

"Ẹ ò lè gbé mi, ìyàwó wa."

"Mo ti pọn ẹrù tó wúwo jù yín lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tiẹ̀ rí pẹ́lẹ́ńgẹ́!"

Bó ṣe pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn, ó ń mí hẹlẹ, títí wọ́n fi dórí koríko ìta. Gbẹ́nàgbẹ́nà lanu. "Ṣé ẹ mọra tẹ́lẹ̀ ni?"

"Àbúrò ọkọ mi ni," ni Tì-í-wò wí.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni," ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, ohùn wọn sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Dígí fọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ kan tàbí méjì bàjẹ́, ṣùgbọ́n orúnkún yẹn nìkan ni wọ́n rí gbé dé ilé ìwòsàn. Egungun rẹ̀ sán. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé títí ó fi jinná, ẹ̀gbọ́n ń se oúnjẹ, ìyàwó ń bá a na ẹsẹ̀, àwọn obìnrin méjèèjì sì ń fi onílé ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọbẹ̀ rẹ̀ kò níyọ̀. Níbi iṣẹ́, Tì-í-wò tún bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀, ohun gbogbo tó ní táyà ló ń wá kiri.

Nígbà tí ẹsẹ̀ san, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ padà sílé rẹ̀, ó sì fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ ní yàrá tó sùn. Tì-í-wò fọ̀ wọ́n, ó ká wọn, ó fi wọ́n síbẹ̀ dè é.