Ìpè Tí Mọ́rúfù Kò Dáhùn

Ẹnu ni Mọ́rúfù Ajíbóyè fi ń jẹun ní gáréèjì Ẹ̀jìgbò. Bí ọkọ̀ Àbíjàn bá ti dúró, òun ni yóò máa pe èrò títí ọkọ̀ yóò fi kún: "Kútọnú! Lómé! Àbíjàn, ó ku ẹnì kan!" Bó ku ogún èèyàn, ẹnì kan náà ni yóò ṣì kù. Ohùn rẹ̀ lágbára débi pé wọ́n ní obìnrin kan láti Ara, tó gbé gààrí wá sọ́jà, ti jókòó sínú ọkọ̀ Àbíjàn kó tó rántí pé òun ò ní èèyàn kankan níbẹ̀.

Ẹni tó ń pe gbogbo ayé yìí, kò sẹ́ni tó lè pe òun kó dáhùn. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ máa pe "Mọ́rúfù, Mọ́rúfù" títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ìpàkọ́ rẹ̀ náà lẹ máa máa wò. Àfi kí ẹ yí síwájú kó rí ojú yín. Bákan náà ni lórí fóònù: àfi ìpè tó bá gbé àwòrán wá. Ẹni tí kò ní dátà, kó fẹsẹ̀ rìn wá. Àwọn àlejò máa ń rò pé etí rẹ̀ di. Àwa tí a mọ̀ ọ́n a kàn yí síwájú rẹ̀, bí awakọ̀ ṣe ń yà fún kòtò tó ti bá lójú ọ̀nà láti ọjọ́ tó ti ń wakọ̀.

Nǹkan kejì wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Àmù kan wà níbẹ̀, ife tánganran kan sì wà lórí rẹ̀. Nílé gbogbo èèyàn, ńṣe ni wọ́n máa ń dojú irú ife bẹ́ẹ̀ dé, kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Ti Mọ́rúfù ṣíjú sókè, omi sì kún inú rẹ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn. Àràárọ̀ ló ń da omi náà nù tó ń bu òmíràn sí i. Ẹnikẹ́ni kì í mu ún. Bí ẹ bá bi í pé ta ló ni ín, yóò ní, "Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ ni." Bí òùngbẹ bá sì ń gbẹ ẹ̀yin gan-an, yóò ní kí ẹ lọ ra omi inú ọ̀rá ní ìsọ̀ iwájú.

Ìtàn ìpè náà ò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nílùú. Nùsírátù ìyàwó rẹ̀ lọ ṣòwò ní Àbíjàn nígbà tí Rùkàyyàt, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Kọdifuá. Jímọ́ọ̀, tó ń wa ọkọ̀ Àbíjàn nígbà náà, mú ìròyìn wálé pé Nùsírátù wà lára àwọn tó kú lójú ọ̀nà. Jímọ́ọ̀ ò rí òkú, ṣùgbọ́n ó rí ẹni tó ní òun rí i. Lásìkò yẹn, ìyẹn ti tó. Wọ́n ṣe fìdáù, a jẹ ẹran, a ní kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Mọ́rúfù jókòó nílé lọ́sàn-án gangan, nígbà tí òjìji èèyàn wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkan pè é lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé: "Bàbá Rùkàyyàt o." Ohùn Nùsírátù ni. Ó tún pè. Ó pè lẹ́ẹ̀kẹta.

Kò sí ọmọ ilẹ̀ yìí tí kò mọ òfin. A kì í dáhùn ìpè ẹni tí a kò rí lójú, pàápàá lọ́sàn-án gangan, pàápàá jù lọ bó bá jẹ́ ẹni tí a ti jẹ ẹran fìdáù rẹ̀. Àkúdàáyà nìyẹn. Ẹni tó bá dá a lóhùn yóò bá a lọ. Mọ́rúfù ò dáhùn. Ohùn náà dákẹ́, ó sì lọ.

Tísà Ọ̀ṣúnkúnlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ kì í kú mọ́ Tísà níkùn. Ó fi ṣe eré orí ìtàgé tó pè ní *Má Dáhùn*, Mọ́rúfù fúnra rẹ̀ ló sì fi ṣe Mọ́rúfù. Kò ní gbólóhùn kan ṣoṣo láti sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ́ ọ.

A wo eré náà ní gbọ̀ngàn ìlú. Aláfáà wọlé, ó kìlọ̀, aládùúgbò wọlé, ó kìlọ̀, wọ́n jáde. Ó wá ku Mọ́rúfù nìkan lórí àga, àmù kan, àti ohùn obìnrin lẹ́yìn kọ́tìnì. Ohùn pè lẹ́ẹ̀mẹta, ọkùnrin dákẹ́, eré parí. Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn débi pé ọmọ kan bú sẹ́kún láàárín èrò, ìyá rẹ̀ sì sáré fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mọ́rúfù, tí wọ́n ti ní kó má mira, yíjú wò wọ́n, ó sì ń wò wọ́n títí iná fi kú. Tísà bínú sí i fún ìyẹn. Ó tún bínú nítorí ife orí àmù: ní gbogbo ìgbà tó bá ti dojú rẹ̀ dé, Mọ́rúfù á tún ṣí i sókè. Ó ní òṣèré tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan, níbo ló ti rí àríyànjiyàn?

Ó ti pẹ́ sígbà yẹn. Rùkàyyàt dàgbà, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Àbíjàn, ó ń kọrin níbẹ̀. Ó wá ibojì ìyá rẹ̀, kò rí. Ó wá alààyè, kò rí. Lọ́dún tó kọjá ló padà wálé, ó ní òun fẹ́ sọ *Má Dáhùn* di eré olórin. Inú Tísà dùn, títí ó fi lọ wo ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ.

"Òkú tí mo fi ìdákẹ́jẹ́ sin," ó ń pariwo, "ẹ fẹ́ fi jìtá hú u!"

"Kíbọ́ọ̀dù ni, Tísà," ni Rùkàyyàt wí.

"Kí ni mo sọ? Ẹ tiẹ̀ ti gbé katakata wá!"

Kẹ́ ẹ má rò pé Tísà kàn ń ṣe ìlara. Ìyàtọ̀ wà nínú eré méjèèjì, kì í sì í ṣe kékeré. Nínú ti Tísà, ẹnì kan pè, ẹnì kan dákẹ́, ẹ̀rù sì wà láàárín wọn. Nínú ti Rùkàyyàt, ẹni tó ń pè ń lé orin ni. Ẹ sì mọ̀ wá: bí wọ́n bá ti lé orin, ègbè ti yọ lẹ́nu wa ká tó béèrè orin ta ni. "Bàbá Rùkàyyàt o," àwọn elégbè á sì gbà á: "Òo, mo wà ńlé." Ó dùn gan-an. Ibi tó ti dùn náà ni òfin ti sọ pé ká má dé. Àkọlé ṣì ni *Má Dáhùn*. Àwọn elégbè rẹ̀ kàn dáhùn ní gbogbo ojú ewé.

Ṣùgbọ́n ohun tó dá Tísà dúró ni ìbẹ̀rẹ̀ orin náà. Ọkùnrin jókòó, ọmọdébìnrin kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yẹn ni ọmọ náà ti ń kùn, hùn, hùn, inú kíkùn yẹn sì ni orin ti jáde wá.

"Kò sí ọmọ nínú eré mi," ni Tísà wí. Ó yíjú sí Mọ́rúfù, tó wá wo ọmọ rẹ̀. "Mọ́rúfù, o ní ìwọ nìkan lo wà nílé. Ṣé ọmọ wà níbẹ̀ ni?"

Mọ́rúfù ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó dìde, ó sì lọ sílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó jókòó sínú ilé, ohùn kan sì tún dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé: "Bàbá Rùkàyyàt o." Ohùn náà ni, kò gbó, kò yí padà. Kò mira títí ilẹ̀kùn fi ṣí, tí Rùkàyyàt sì wọlé.

"Bàbá, ẹ má bínú. Orin ni mo ń kọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ta ló sọ kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn."

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Ọwọ́ náà ń rùn bí epo bẹntiróòlù àti ọsàn. Nǹkan tí mo kọ́kọ́ rántí láyé mi nìyẹn."

"Mo fi gbà ẹ́ là ni. O fẹ́ dáhùn."

"Mo mọ̀, Bàbá. Lọ́wọ́ ta lẹ ti gbà mí là?"

Mọ́rúfù ní, "Yọ ègbè yẹn kúrò. Ẹni tó bá dáhùn á bá a lọ, ìwọ lo sì ń fi ohùn rẹ̀ pè. Ìwọ nìkan ló kù mí kù."

"Orin wo ni kò ní ègbè, Bàbá?"

"Mo bẹ̀ ẹ́."

"Dakọ̀ọ̀," ni Rùkàyyàt wí, bí wọ́n ṣe ń gbà fúnni ní Àbíjàn. "Àwọn elégbè ò ní dáhùn. Mo máa pè lẹ́ẹ̀mẹta. Bí kò bá sẹ́ni tó dáhùn, eré parí síbẹ̀, bíi ti Tísà. Ṣùgbọ́n iwájú lẹ máa jókòó sí."

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ṣe é, ní gbọ̀ngàn kan náà. Aláfáà fi orin kìlọ̀, aládùúgbò fi ijó kìlọ̀, àtẹ́wọ́ sì ń ró. Tísà ká apá mọ́ra, ó faraya, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti dalẹ̀ rẹ̀, ó ń gbá ilẹ̀ tẹ̀ lé orin. Nígbà tó yá, àtẹ́wọ́ dá. Ọkùnrin jókòó, ó bo ọmọ lẹ́nu, kíkùn bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Rùkàyyàt o."

Ègbè ti wà lẹ́nu gbogbo wa, a gbé e mì. Ẹnìkan tó fẹ́ yán tètè pa ẹnu dé, kí wọ́n má baà kà á sí ìdáhùn.

"Bàbá Rùkàyyàt o."

Ẹsẹ̀ Tísà dúró. Àwọn tó gbọ́ ohùn Nùsírátù rí ń wo ilẹ̀.

"Bàbá Rùkàyyàt o."

"Òo!"

Mọ́rúfù ti dìde. Ohùn gáréèjì ló fi dáhùn, páànù gbọ̀ngàn sì gbọ̀n. "Òo, Nùsírátù! Mo wà ńlé! Mo wà ńlé lọ́jọ́ yẹn!" Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ife tí mo dojú rẹ̀ dé ti ṣíjú sókè. Omi ń kán lára rẹ̀. O ti mu omi. Mo sáré dé ojú títì, mi ò rí ẹ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń bu omi náà sílẹ̀ fún ẹ."

Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù gbé ọwọ́ sókè, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Kò sí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lẹ́yìn ibẹ̀.

"Ìyẹn ò sí nínú eré mi," ni Tísà wí jẹ́jẹ́. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Rùkàyyàt ò kọrin mọ́. Ó kàn sọ ọ́ lẹ́nu lásán, pẹ̀lú ohùn ìyá rẹ̀: "Ẹ jókòó, Bàbá. Ó ti gbọ́."

Láti ìgbà náà, àríyànjiyàn ò tán ní gáréèjì. Àwọn kan ní alààyè ló wá sílé lọ́jọ́ yẹn, tí ará ilé ò dá a lóhùn, tó sì tún gba ọ̀nà lọ. Àwọn kan ní àkúdàáyà náà a máa mu omi, iyọ̀ ni kì í tọ́ wò. Mọ́rúfù kì í dá sí i. Kò kú, Rùkàyyàt náà ò kú. Ohun tó kàn yí padà ni pé kò sí ìpè tí kì í dáhùn mọ́. Ó ń gbé gbogbo fóònù, títí kan ti ẹ̀rọ tó ń polówó dátà, á tẹ́tí sí i dé ìparí, á ní, "Òo, mo ti gbọ́, ẹ ṣé."

Lánàá, lọ́sàn-án gangan, ó ń pe èrò bó ṣe máa ń pè é. "Kútọnú! Lómé! Àbíjàn, ó ku..." Ó dákẹ́. Ó yíjú padà sí ògiri gáréèjì lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ó ní, "Òo. Mò ń bọ̀."

Àwọn èrò wojú ara wọn. Kò sẹ́ni tó pè é nínú wa. Kò sì sẹ́ni tó jẹ́ yíjú wẹ̀yìn.