Àlejò Tó Ń Sùn Nínú Kọ̀ǹpútà Ìyá Burulcha

Ìtàn tí wọ́n fi ń rántí Ìyá Burulcha jù ní ìlú Naryn ni ti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Melis ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Mọ́sìkò, sọ pé ẹnu ìyá òun ni orúkọ ọmọ tuntun òun gbọ́dọ̀ ti jáde. Ó pè é lórí kọ̀ǹpútà. Ìyá lanu, "Orúkọ ọmọ yìí ni..." Kọ̀ǹpútà gan. Lójú kọ̀ǹpútà Melis ní Mọ́sìkò, ẹnu Ìyá là sílẹ̀ gbàgà, kò padé mọ́.

Ni Melis bá tún pè sórí fóònù Nurzada, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ Ìyá. "Ẹ ṣe kíá o! Ìyá ìyàwó mi ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ó sì ti mú orúkọ tiẹ̀ dání!"

Nurzada wo kọ̀ǹpútà. Ojú ewé ayélujára tí Ìyá ṣí sílẹ̀ pọ̀ bí àgùntàn orí òkè: ti ikọ́ ẹṣin, ti òwú, ti ojú ọjọ́.

"Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ n ti díẹ̀ pa. Wọ́n ti gba gbogbo iyè kọ̀ǹpútà."

"Ta lo fẹ́ lé? Èmi ni mo pè wọ́n wá. Ṣé a máa ń lé àlejò nílé yìí ni?"

"Ojú ewé ni wọ́n, wọn kì í ṣe èèyàn!"

"Ìwọ náà, nígbà tí wọ́n gbé ọ dé, ṣé mo béèrè ohun tí o jẹ́?"

Ìyá gbé awò sójú, ó wọ ibi tí wọ́n ti ń tún ètò ṣe, ó ń tú u wò bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ó dúró lójijì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú ewé tí a kò bá lò lè máa sùn, kí iyè lè ráyè.

"Sùn kẹ̀! Ẹ ń pariwo kí n lé wọn, ẹnikẹ́ni ò tẹ́ ibùsùn fún wọn!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn àlejò sùn, kọ̀ǹpútà mí kanlẹ̀, ojú Melis yọ. "Bayaman!" ni Ìyá ké. Nígbà tí ìyá ìyàwó wọlé pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, Ìyá rẹ́rìn-ín sí i: "Ẹ káàbọ̀, àna wa. Ẹ rọra o, Bayaman ti sùn."

Láti ọjọ́ náà, kò sí kọ̀ǹpútà tó gan ládùúgbò tí wọn kì í wá pè é sí. Ọ̀gá ilé ìwé ní tòun ti kú. Ìyá tẹ bọ́tìnì, ó jí. "Kò kú, ọ̀gá. Àlejò ló gbà tí kò tẹ́ ẹní." Tíì ni owó iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí tíì bá ti tutù, á ní kí wọ́n po òmíràn.

Ìgbà òtútù tó kọjá ni Ìyá fi ayé sílẹ̀. Melis mú Bayaman, tó ti dàgbà díẹ̀ báyìí, wálé. Nurzada tan kọ̀ǹpútà. Gbogbo àlejò ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń sùn. Bayaman tẹ ọ̀kan, ó jí: ojú ọjọ́ Mọ́sìkò ni, àdúgbò Melis gan-an.

Melis rẹ́rìn-ín títí, ó wá fi ọwọ́ nu ojú.

"Ṣé kí n tì í pa, Bàbá?" ni Bayaman bi í.

"Rárá o," ni Nurzada dá a lóhùn. Ó ti ń gbé omi tíì kaná.