Sítíárìn Tó Ń Gbọ̀n ní Ọ̀nà Ìjẹ̀bú

Ẹ̀pà yíyan ni ìyàwó mi ń bó sínú ọ̀rá lórí itan rẹ̀ ní ọjọ́ tí a jọ wọ ọkọ̀ mi gbẹ̀yìn. A ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí a ti lọ kí ìyá rẹ̀. Bí sítíárìn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi, á na ọrùn wo aago tó ń ka eré ọkọ̀.

"Dádì, ó ti di àádọ́rùn-ún o. Ẹ rọra."

Mo rọra, sítíárìn dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ilé wa ní Sùúrùlérè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó dìde láti gbé omi tíì kaná, ó ṣubú. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìyá rẹ̀ kò wá síbi ìsìnkú. Ní ọ̀dọ̀ wa, òbí kì í wo sàréè ọmọ. Èmi ló yẹ kí n lọ bá a, kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ ní àwọn á fi ọkọ̀ gbé mi lọ, mo kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ níwájú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀nà ń bà mí. N kò tilẹ̀ mọ̀ mọ́ bóyá ọkọ̀ ló ń gbọ̀n tàbí ọwọ́ mi.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé ọkọ̀ náà lọ fún aláìnmẹ́ǹtì. Ohunkóhun tó bá ti ṣe táyà, aláìnmẹ́ǹtì ni àwa ará Èkó ń pè é. Wọ́n ṣe é, ó tún ń gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ṣe táyà ní Múṣín.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi ṣe aláìnmẹ́ǹtì."

"Bàbá, oògùn lẹ dárúkọ yẹn. Kí ló ń ṣe aláìsàn?"

Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé nǹkan fún ènìyàn. "Ó ń gbọ̀n."

"Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì ni?"

"Rárá. Tó bá ti di àádọ́rùn-ún ni."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rí i pé èmi kọ́ ló mọ̀ ọ́n. N kì í wo aago yẹn. Ẹnìkan ń bá mi wò ó.

"Ìjókòó ńkọ́? Ṣé òun náà ń gbọ̀n?"

"Sítíárìn nìkan."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Táyà iwájú nìyẹn. Tó bá ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, aláìnmẹ́ǹtì. Tó bá ń gbọ̀n lórí eré, bálánsì. Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ máa ń kọ oògùn fún dókítà!"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ó tú táyà iwájú méjèèjì, ó gbé wọn sórí ẹ̀rọ tó ń yí wọn. Ó fi ojú ibi tí òjé kékeré kan ti já bọ́ lára ríìmù hàn mí, òjé tí wọ́n fi ń mú kí táyà wọ̀n dọ́gba, tí kò ju ìdajì ìka lọ. Ó lẹ òmíràn mọ́ ọn.

Ní Sátidé, mo wakọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Lẹ́yìn Ṣágámù, mo sáré díẹ̀, sítíárìn dákẹ́. Mo bá Màmá lórí àga ní ẹ̀yìnkùlé. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ṣé ìwọ nìkan lo wakọ̀ wá?"

"Èmi nìkan ni, Mà."

Ó ní kí n jókòó. Mo jókòó tì í, mo sì sọ ọ́ fún un, láti orí omi tíì.