Atẹ̀dó Tó Dúró Létí Odò

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Olúdọ̀tun fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Deer Park, lẹ́bàá Houston. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo géèjì, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kó tún padà lọ wò ó kó tó fọwọ́ kan fáàfù tó ń ṣí páìpù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń kùn pé ó lọ́ra jù. Á kàn tún padà lọ wo géèjì rẹ̀. Ní gbogbo ọdún yẹn, ẹnikẹ́ni kò fara pa níbi tó ń bójú tó.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Adéṣẹwà, tó ń gbé ní The Woodlands, gbé géèmù kan wá fún un nílé ní Richmond. Orí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ ni wọ́n ti ń ta á, ní ọ̀sán Sátidé. Kò sí ìkánjú nínú géèmù náà. Bí ayò ló rí: ìwọ á ta tìrẹ, ẹnìkejì á ta tirẹ̀, ẹ̀rọ á sì ta ti àwọn ẹ̀yà tó kù, ìyípo kan nìyẹn. Ìlú kan péré ni kálukú fi ń bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ gbalasa tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní. Láti ibẹ̀, wàá rán atẹ̀dó jáde, á wá ibi tó dára, á tẹ ìlú tuntun dó. Ẹni tó bá tètè gba ilẹ̀ ni nǹkan ń ṣẹnuure fún, nítorí ilẹ̀ òfo kì í pẹ́ tán.

Olúdọ̀tun kì í rán ẹnikẹ́ni jáde. Àká ló máa kọ́kọ́ kọ́, á mọ odi, á tún kọ́ àká kejì.

"Daddy, ẹ má sọ fún mi pé odi lẹ tún fẹ́ mọ."

"Odi ni."

"Ta ló ń bá yín jà? Ìyípo kẹwàá la ṣì wà! Kò tíì sí ogun níbì kankan."

"Ìgbà tí kò sí ogun là ń mọ odi."

Mọ́pẹ́, ìyàwó rẹ̀, á bú sẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná. "Kábíyèsí, ọba ìlú kan ṣoṣo! Àwọn ará ìlú yín ti ń jókòó lórí ara wọn o."

Kó tó di ìyípo ọgọ́ta, àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ á ti yí i ká. Ìlú rẹ̀ á lẹ́wà, á sì há. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pàdánù ní gbogbo Sátidé.

Àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé kì í ṣe ogun ló ń bà á lẹ́rù. Ọdún 1982 ló wá kàwé ní Amẹ́ríkà níbí. Bàbá rẹ̀ sìn ín dé ibùdókọ̀ ní Ìlá, ó ní, "Ọdún mẹ́rin, kí o padà wálé." Kò padà. Àkókò ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti kọjá. Bó bá jáde, wọn kò ní jẹ́ kó wọlé mọ́. Ní ọdún kẹsàn-án, bàbá náà kú, inú lẹ́tà sì ni ọmọ ti ka bí wọ́n ṣe sin ín. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìsìn pé òun kò gbàgbọ́ pé ẹni tó bá jáde ń padà.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, ilé iṣẹ́ kan ní Denver, ní ìpínlẹ̀ mìíràn, fi ipò ẹnjiníà àgbà lọ Adéṣẹwà. Ó sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá ní, "Mo ti gbọ́." Ó tán síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Adéṣẹwà, ó ń dá gbé, òfin Amẹ́ríkà kò sì ní kó tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé "mo ti gbọ́" kì í ṣe "máa lọ". Ọ̀sẹ̀ méjì ni Adéṣẹwà fi dúró de ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ géèmù tuntun. Ní ìyípo kẹsàn-án, atẹ̀dó Adéṣẹwà dé etí odò ńlá kan láàárín ìlú méjèèjì. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ẹṣin ń jẹko níbẹ̀. Atẹ̀dó náà kò tẹ nǹkan kan dó. Ó kàn dúró.

Ẹni tó ti wo géèjì fún ọgbọ̀n ọdún kò lè ṣe kó má rí i.

"Kí ni ẹni yẹn ń ṣe létí odò?"

"Ó ń sinmi."

"Láti ìyípo márùn-ún?"

"Daddy, ó kàn yín. Ẹ ta tiyín."

Olúdọ̀tun kọ́ àká. Bí ìyípo náà ṣe parí, atẹ̀dó ẹ̀yà pupa kan tí ẹ̀rọ ń ta fún yọ láti ẹ̀yìn òkè, ó tẹ ìlú dó sétí odò náà. Ààlà pupa bo gbogbo ibẹ̀.

Olúdọ̀tun gbàgbé orúnkún rẹ̀, ó fò dìde. "Adéṣẹwà! O ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé! Kí ló dé tí o ò tẹ̀ ẹ́ dó?"

"Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè."

"Èmi?"

"Ibẹ̀ ló dára jù, ó sì sún mọ́ tiyín. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ẹran? Mo rò pé ẹ máa rán ẹnìkan wá."

"Mo ní kí o dúró dè mí ni?"

"Ẹ ò ní kí n má dúró náà."

Mọ́pẹ́ ti jáde sí pálọ̀, ṣíbí lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín.

Olúdọ̀tun wo àwọ̀ pupa náà títí. "Ìgbà wo ni àwọn ará Denver ní kí o dá àwọn lóhùn?"

"Monday."

"O ti dá wọn lóhùn?"

"Ẹ ní ẹ ti gbọ́. Ẹ ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó jókòó. Ó béèrè pé, "Ìwé rẹ pé?"

"Ìwé kẹ̀? Daddy, Houston ni wọ́n bí mi sí! Ta ló máa ní kí n má wọlé? Ọkọ̀ òfuurufú ò ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ."

"Ìwọ fúnra rẹ, o fẹ́ lọ?"

"Mo fẹ́ lọ."

Ó tún wò ó, bí ẹni tó padà lọ wo géèjì. "O fẹ́ lọ."

"Mo fẹ́ lọ, sà."

Ó ní kó sún mọ́ òun. Adéṣẹwà kúnlẹ̀, bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Máa lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ á gbà ọ́. Wàá jáde, wàá sì máa wọlé tọ̀ wá." Àmín tí Mọ́pẹ́ ṣe, àwọn aládùúgbò á gbọ́ ọ.

Níbẹ̀ náà ni Adéṣẹwà ti kọ èsì rẹ̀ sórí fóònù. Bàbá rẹ̀ ní kó kà á síta lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ó sì yan atẹ̀dó, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi gbígbẹ kan ló kù lẹ́yìn òkè, kò sí odò níbẹ̀, kò sí ẹṣin.

"Ibẹ̀ yẹn ò dára, Daddy."

"Ó ṣófo," ni Olúdọ̀tun wí. Ó sì rán an lọ.